Mi Ò Sọ "Ẹ Wá Lọ́la" Mọ́

Láti ọdún 2019 ni mo ti ń ṣe é. Bí aṣọ Kérésì bá ti jáde tán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, màá jókòó, màá ṣí ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, màá sì bi ara mi léèrè ọ̀rọ̀. Ìwà wo ni mo fi sílẹ̀ lọ́dún yìí? Ta ló tọ́ mi sọ́nà? Kí ni mo kọ́? Kí ló ń tì mí lójú? Ìkẹyìn yìí ni mo máa ń fò. Lọ́dún 2025 yìí, òun ni mo kọ́kọ́ dáhùn.

Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà. Láti ìdajì oṣù Karùn-ún ni Ìyá Ìbejì ti gbé àǹkárá yáàdì mẹ́fà wá: bùbá àti ṣòkòtò fún Táyé, ìró àti bùbá fún Kẹ́hìndé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Iṣẹ́ ọjọ́ kan àbọ̀ ni fún mi. Mo gba owó, mo ní kí wọ́n wá gbé e lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n mo ti gba aṣọ ẹbí èèyàn mọ́kànlélógún fún ìgbéyàwó kan, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé ọwọ́ mi kún. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ní "ẹ wá lọ́la." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní iná ni kò sí. Lóòótọ́ iná kò sí, àmọ́ mi ò tíì gé aṣọ náà rárá. Ní Ọjọ́rú mo ní ó ku bọ́tìnnì. Irọ́ gbuu. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àlùmọ́gàjí ṣẹ̀ṣẹ̀ kan aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ lóru, apá bùbá Táyé kò tíì wọlé.

Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ó yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sí yídì, àwọn ọmọ méjèèjì wọ aṣọ èṣín, ṣòkòtò Táyé ti ga sókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní, "Aránṣọ, ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí ti ń ka ọjọ́?" Wọ́n sì lọ. Mo rán aṣọ náà parí, mo gbé e lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú gbogbo owó tí mo gbà. Ó gba aṣọ, ó gba owó, kò sọ nǹkan kan. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Lóṣù Keje mo lọ sí Abẹ́òkúta lọ rí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní pátákó kan lára ògiri, gbogbo iṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n dá ló máa ń wà níbẹ̀. Bí pátákó bá ti kún, wọ́n á ní, "Ààyè ti tán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Nígbà tí mo jẹ́ ọmọọṣẹ́, mo rò pé owó ni wọ́n ń lé lọ. Wọn kì í ránṣọ mọ́, ojú wọn kò gbé e, ṣùgbọ́n pátákó náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ro ẹjọ́ ara mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, aṣọ kọ́ ni wọ́n gbé fún ẹ. Ọjọ́ ni."

Mo ra pátákó tèmi. Iṣẹ́ mẹ́jọ lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ lé. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí mo dá padà, àyà mi ń já bó ṣe ń palẹ̀ léèsì rẹ̀ mọ́ sínú ọ̀rá. Owó náà dùn mí. Lóṣù Kẹjọ, àjọ tí mo ń dá ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà lójúmọ́ já sí ẹgbẹ̀rún kan, alájọ sì gba owó ọjọ́ kan tirẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí oṣù Kẹwàá dé, àwọn kan tí mo dá padà ń gbé aṣọ Kérésì wá ní oṣù méjì ṣáájú kí wọ́n lè rí ààyè. Ní oṣù Kọkànlá mo padà sí ẹgbẹ̀rún méjì.

Mo tún fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀ kí n tó wọlé sùn. Ìyẹn kò le tó bí mo ṣe rò.

Ohun tó le ni ti ọmọọṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan lóṣù Kẹsàn-án mo gbọ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù pé, "Ó ti wà lórí máṣíìnì, mà." Aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá, a kò tíì tú u. Ohùn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà, títí kan "mà" ìparí yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ́ ọ, kò dára, kò sì gbọdọ̀ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Láti ọdún tí mo ti ń bi ara mi pé ta ló tọ́ mi sọ́nà, mi ò bi ara mi rí pé ta ni èmi náà ń tọ́, síbo. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ìbéèrè ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì kò tíì padà wá. Ìwọ̀n Táyé àti Kẹ́hìndé ṣì wà nínú ìwé mi, ní ojú ewé tí mo kọ ọ́ sí lóṣù Karùn-ún. Wọn á ti ga sí i. Bí wọ́n bá wá, màá tún wọn wọ̀n.