Ẹ kú iṣẹ́ o: ọjọ́ tí mo dúró ní kọ́nà 7 lórí Alpe d'Huez

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Leeds, ọdún 2014, oṣù mélòó kan péré ni mo tíì lò níbẹ̀ tí Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, wá bẹ̀rẹ̀ nílùú yẹn. Gbogbo ìlú yọ sí títì, èrò rẹpẹtẹ. Èmi náà dúró láti àárọ̀, oòrùn ń pa mí, mò ń retí wọn, mò ń retí wọn, àfi fìrì! wọ́n ti kọjá. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn fẹ́ẹ̀ tó igba, mi ò rí ojú ẹnì kankan nínú wọn. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa, ará Leeds pọ́ńbélé, ló sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ rí wọn dáadáa kí n lọ dúró dè wọ́n lórí òkè, torí òkè ló máa ń dín eré wọn kù, ibẹ̀ ni wàá ti rí ojú wọn tí wàá sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ yẹn fi wà lọ́kàn mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ara mi ní Faransé ní July 14, 2022, ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè wọn, tí mò ń fi ẹsẹ̀ gun Alpe d'Huez, òkè tí eré Tour máa parí sí lọ́jọ́ yẹn, láàárọ̀ kùtù, báàgì lẹ́yìn mi, omi, búrẹ́dì, ẹyin sísè, àti ṣọ́ọ̀kì funfun tí mo rà ní Grenoble níbi tí mo sùn. Bọ́ọ̀sì ìdájí ló gbé mi dé Bourg d'Oisans tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, látibẹ̀ ó di ká máa rìn, wọn ò jẹ́ kí mọ́tò kọjá mọ́. Bàbá arúgbó ń rìn, ọmọ kéékèèké ń rìn, àwọn míì gun kẹ̀kẹ́ tiwọn, ìyá kan tiẹ̀ so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ó ń wà á lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kọjá lára rẹ̀ ló ń kí i.

Òkè yẹn le o. Kìlómítà 13.8 ni, kọ́nà 21 ló sì wà lórí rẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkà, ìyẹn ni pé kọ́nà 21 lẹ máa kọ́kọ́ bá nísàlẹ̀, kọ́nà 1 ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń sá eré Tour, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó borí tirẹ̀. Orúkọ àwọn tó ti borí níbẹ̀ wà lára pátákó, Fausto Coppi ará Ítálì tó kọ́kọ́ borí ní 1952 lẹ máa kọ́kọ́ kà. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo mọ òkè Mókọ́lá dáadáa, àmọ́ eléyìí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ló ti ga fíofío, kò sí ibi tó tẹ́jú téèyàn á ti mí sínú. Ó lé ní wákàtí méjì àbọ̀ kí n tó dé kọ́nà 7 tí mo ń lọ.

Ẹ máa gbọ́ kọ́nà 7 kí ẹ tó rí i, torí orin. Kọ́nà àwọn ará Netherlands ni, gbogbo ibẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ṣẹ́ẹ̀tì, fìlà, àsíá, kódà ọmọ ọwọ́. Láàárín 1976 sí 1989, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ọmọ ilẹ̀ wọn borí lórí òkè yìí: Joop Zoetemelk lẹ́ẹ̀mejì, Hennie Kuiper lẹ́ẹ̀mejì, Peter Winnen lẹ́ẹ̀mejì, Steven Rooks àti Gert-Jan Theunisse lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tiwọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn ò ní òkè gidi kankan, òkè ìlú onílùú ni wọ́n wá fẹ́ràn tó báyìí. Látìgbà náà ọkùnrin wọn kankan ò tún borí níbẹ̀ o, síbẹ̀ wọ́n ń wá, bàbá, ọmọ, ọmọ ọmọ, wọ́n ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. (Nígbà tí Demi Vollering, ọmọ ilẹ̀ wọn, borí níbẹ̀ nínú Tour àwọn obìnrin ní 2024, àwọn ni mo kọ́kọ́ rántí. Inú mi dùn fún wọn, ó sì tún dùn mí, torí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni Kasia Niewiadoma fi gba ipò kìíní gbogbo ìdíje náà mọ́ ọn lọ́wọ́.)

Bàbá kan tí á ti tó ẹni àádọ́rin ọdún rí i pé ó ti rẹ̀ mí, ó fa àga kan fún mi. Títì ti kún fún orúkọ oríṣiríṣi, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́. Èmi náà kúnlẹ̀ mo kọ tèmi, ẸKÚ IṢẸ́ O, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó apá mi, mo fi àmì orí sí i mo fi àmì abẹ́ sí i. Bàbá yẹn wò ó títí, ó ní kí làwọn tóótòòtó abẹ́ yẹn. Mo ní bàbá, tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ó ní ta lo wá kọ ọ́ fún? Mo ní gbogbo wọn ni. Mo wá ṣàlàyé fún un pé níbi tí wọ́n bí mi sí, téèyàn bá ń kọjá tó bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ bíríkìlà, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá láìkí i. Bàbá mi orí, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pè é, ó pè é títí ó fi gún.

Oòrùn ọjọ́ yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn mọ́tò ìpolówó kọ́kọ́ kọjá, wọ́n ń ju fìlà àti kíní jíjẹ síni, àwọn ọmọdé sá kiri, mi ò ní lò ó pẹ́ níbẹ̀. Rédíò bàbá yẹn ni gbogbo wa fetí sí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbéra ní Briançon, wọ́n ti gun Galibier, wọ́n ti gun Croix de Fer, tiwa ló kù. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Galibier ni Tom Pidcock, ọmọ Leeds wa, ọmọ ọdún 22, ti já àwọn tó kù sílẹ̀ lọ bá àwọn tó wà níwájú. Mo fò sókè. Mo ní ará ìlú mi nìyẹn! Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun, ńṣe ni wọ́n gbé omi tútù fún mi.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni hẹlikọ́pítà yọ, ọ̀kadà ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Lójú mi báyìí, títì ò sí mọ́, èèyàn ló wà níbẹ̀, ògiri èèyàn, àfi bí ọ̀kadà ṣe ń bọ̀ tí wọ́n ń là bí ọ̀nà ṣe ń là fún eégún, díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n tí kẹ̀kẹ́ kan lè gbà. Òun nìkan ló ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀ tó-tó-tó sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ ò wo ẹnì kankan. Tí mo bá na ọwọ́ mi á kàn án. Mi ò nà án. Mo kàn pariwo ẸKÚ IṢẸ́ O débi pé ọ̀fun mi ha, àwọn ará Netherlands náà ń pariwo fún un bí ọmọ wọn, ó sì kọjá lọ, òun ló borí lọ́jọ́ yẹn.

Louis Meintjes ọmọ South Africa ló tẹ̀ lé e. Ẹni kẹta ni Chris Froome, tí wọ́n bí ní Nairobi, tó ti gba Tour ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Ní 2018, orí òkè yìí kan náà, ariwo èébú ni wọ́n pa lé e lórí, torí ọ̀rọ̀ oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ti dá a láre lórí rẹ̀ kí eré ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2019, ó ṣubú, egungun rẹ̀ fọ́ káàkiri, àwọn èèyàn rò pé ó ti tán fún un. Bó ṣe yọ ní kọ́nà wa lọ́jọ́ yẹn, ariwo tó ta sókè fẹ́ẹ̀ ju ti Pidcock lọ. Bàbá yẹn ṣí fìlà rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú ẹ̀.

Inú mi ò dùn sí èéfín o. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń tan kíní kan tó ń rú èéfín aláwọ̀ ọsàn, nígbà tí Jonas Vingegaard tó wọ jẹ́sì yẹ́lò, aṣọ ẹni tó ń ṣíwájú gbogbo ìdíje, àti Tadej Pogačar dé pẹ̀lú àwọn tó bá wọn rìn, a ò ríran, èmi náà ń húkọ́ lórí ìdúró. Ẹ wo ẹni tó ti gun òkè mẹ́ta nínú oòrùn, tó ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹni wá owó, tẹ́ ẹ wá fún un ní èéfín. Orí òkè yìí náà ni Vincenzo Nibali ti ṣubú láàárín èrò ní 2018, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sán, ó kúrò nínú ìdíje. Ní 1999, ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ló dúró sójú ọ̀nà Giuseppe Guerini, ó gbé e ṣubú, Ọlọ́run ló bá a ṣe é tó dìde tó sì tún borí. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu tó.

Lẹ́yìn àwọn yẹn, mo rò pé èrò á túká. Wọn ò túká. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn tó gbẹ̀yìn tó dé, àwọn tí ara wọn wúwo, àwọn tó ti ń gbé omi fún ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn látìgbà tí wọ́n ti gbéra, wọ́n kóra jọ, wọ́n ń wo aago, torí tí wọ́n bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ wọ́n á lé wọn kúrò nínú ìdíje. Àwọn yìí rọra ń lọ ní tiwọn, wọ́n ráyè wò wá lójú. Bàbá yẹn dìde lórí àga, ó ké é, "Ẹ kú iṣẹ́ o!", àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ gbè é, kí n tó mọ̀, ìdajì kọ́nà 7 ti ń ké e. Ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ yẹn gbé ìka méjì sókè lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mọ́tò tó ń kó àwọn tó bá kùnà ló kọjá kẹ́yìn. Mo wo ilẹ̀, táyà ti nu ìdajì ọ̀rọ̀ mi, IṢẸ́ O ló kù. Bàbá ká àga rẹ̀, ó bi mí bóyá ṣọ́ọ̀kì ṣì kù. Ẹyọ kan àbọ̀ ló kù, mo kó o lé e lọ́wọ́, ó fi aṣọ ìnujú wé e, ó ní òun á tún un kọ nígbà tí eré bá tún gba ibẹ̀, kí n kọ ọ́ sínú ìwé fún òun, kí n má gbàgbé àwọn tóótòòtó abẹ́.