Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ Ló Kọ́ Mi Bí Wọ́n Ṣe Ń Pe Samhain

Sám-héènì ni mo ń pe Samhain, àjọ̀dún àtijọ́ àwọn ará Írẹ́lándì, láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i nínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí rí. Nígbà tí mo dé ilé àbúrò mi ní Balbriggan, níhà àríwá Dublin, tí àjọ̀dún náà ku ọjọ́ mẹ́ta, mo tún pè é bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Àṣàbí, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, bá gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Àǹtí Gbémi, Sáwìn ni o. Ẹ pè é kí n gbọ́."

Bàbá rẹ̀ ti ń ranjú mọ́ ọn. Mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń pe Gbémisọ́lá ní "Jẹ́mì" tí inú mi ń ru. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pe ọmọ yìí ní aláfojúdi?

"Sáwìn."

"Ẹ tún un pè."

Ó lọ gbé ìwé iléèwé rẹ̀ wá. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gaeilge, ìyẹn èdè Írẹ́lándì, tí òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1937 fi ṣe èdè àkọ́kọ́ ìjọba. Inú ìwé àjẹ́ àti oṣó ni èmi ti mọ Samhain. Lọ́dọ̀ Àṣàbí, oṣù ni: Oṣù Kọkànlá. Bealtaine ni Oṣù Karùn-ún, Lúnasa ni Oṣù Kẹjọ. Àwọn orúkọ àjọ̀dún tí mo rò pé ó ti kú sínú ìtàn, déètì tí tíṣà ń kọ sójú pátákó láàárọ̀ ni.

Mo bá a jiyàn díẹ̀. M àti h, ẹ wá ń pè é ní w? Ó ní bó ṣe wà nìyẹn. Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín ni mo rántí gb tó wà níwájú orúkọ mi: kì í ṣe g, kì í ṣe b, kì í sì í ṣe g tí b tẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá mọ òfin wa á ní a ò mọ̀wé kọ. Tiwọn náà ní òfin. H tó bá tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì, ṣe ló ń rọ̀ ọ́: mh àti bh á di w tàbí v, th á di h lásán, fh á sì pòórá pátápátá. Ìdí nìyẹn tí Lá Fhéile Bríde, ọjọ́ Bríd mímọ́, fi ń jẹ́ "Lá Élẹ̀ Brídẹ̀" lẹ́nu wọn. 1 Oṣù Kejì ni, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àjọ̀dún Imbolc tó ń ṣílẹ̀kùn ìgbà ìrúwé, ìjọba sì ti ń fún wọn ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀ láti 2023.

Wọ́n tún ní àmì kan tó jọ àmì ohùn òkè wa. Fada ni wọ́n ń pè é, fífà ló sì ń fa fáwẹ̀lì gùn lóòótọ́. Kò kan ohùn. Àṣàbí ní tí n bá gbàgbé rẹ̀ lórí cáca, tí í ṣe kéèkì, ìgbẹ́ ni mo kọ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Lálẹ́ 31 Oṣù Kẹwàá, ìyẹn Oíche Shamhna, alẹ́ Samhain, a wa mọ́tò lọ sí Athboy ní Meath. "Íhà Háúnà" ni wọ́n ń pe alẹ́ náà. S iwájú rẹ̀ náà ti rọ̀, ó ti di h. Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀nà. Òjò ni, mo sì sùn. Láti ìlú yìí ni àwọn èèyàn ti ń gbé ògùṣọ̀ rìn lọ sórí òkè Tlachtga, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Hill of Ward. Ẹ má retí Olúmọ o. Ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ni, koríko bò ó, yàrà àti òkìtì erùpẹ̀ sì yí i po lọ́nà mẹ́rin bí odi ìlú àtijọ́. Ìtàn ní orúkọ obìnrin kan ni, ọmọ Mug Ruith tó jẹ́ àgbà awo, tó kú síbẹ̀ níbi tó ti ń bí ìbẹta. Seathrún Céitinn, òpìtàn wọn ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, kọ ọ́ pé lóru Samhain ni wọ́n ń pa gbogbo iná Írẹ́lándì, tí wọ́n á wá tún un dá láti ara iná tí wọ́n bá tàn lórí òkè yìí.

Màmá àgbà kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe Imbolc. Wọ́n ní "Ímbọ́lọ̀g". Mo ní fáwẹ̀lì wo ló wà láàárín lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn? Wọ́n ní ahọ́n àwọn kì í fẹ́ kí irú wọn fara kanra. Fíìmù gan-an, tí àwọn bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, "fílọ̀m" ni. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ẹbí lájò. Àwa tí a fi fáwẹ̀lì há búrẹ́dì láàárín!

Ní ti Tlachtga, mi ò rí i pè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú, ch inú rẹ̀ ń há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Màmá náà kò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kì í ṣe h ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà, àmì kíún kan ni wọ́n ń fi lé e lórí: Saṁain. Ìgbà tí wọ́n gba lẹ́tà Róòmù ni h rọ́pò rẹ̀. Mo ní àwa náà ní àmì kíún, abẹ́ lẹ́tà ni tiwa wà.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ nígbà tí a padà délé. Ìyàwó àbúrò mi gé bairín breac, búrẹ́dì tó kún fún èso gbígbẹ, tí wọ́n ń fi òrùka pamọ́ sí nínú. Ẹni tó bá bá òrùka pàdé á ṣègbéyàwó kí ọdún tó yí po. Èmi kọ́ ni mo rí i. Ẹ má sọ fún màmá mi.

Báàgì iléèwé Àṣàbí wà lórí àga. Mo ka orúkọ ara rẹ̀: Asabi. Kò sí àmì kankan.

"Báwo ni tíṣà yín ṣe ń pè ọ́?"

"Asábì." Kò tilẹ̀ wojú mi.

Ọmọ tí kò gbà kí n fo fada kan ṣoṣo. Mo wo bàbá rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìbí nìyẹn. Mo ti lanu láti sọ̀rọ̀, ni mo bá rántí ìwé ìrìnnà tó wà nínú báàgì tèmi: Gbemisola. Mo pa ẹnu mi dé.

Mo bèèrè báírò. Mo fi àmì sábẹ́ s, mo ní kó pe orúkọ rẹ̀ fún mi, ó pè é. Ló bá gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé àmì ti orí bí náà ń fà á gùn bíi fada ni? Mo ní kò gùn, gíga ló ga. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ débi pé aṣọ báàgì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.