Nọ́ńbà fún àwòrán iṣẹ́ àti máàpù

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ ti máa mú nọ́ńbà, kí ẹ tó fa ìlà kankan. Bí ẹ̀ka iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà, àwòrán méjì yóò máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà láìpẹ́.

Ẹ fi òdo ṣíwájú: 0007, kì í ṣe 7, torí kọ̀ǹpútà lè to 10 ṣáájú 7. Ẹ yẹra fún lẹ́tà I àti O. Wọ́n jọ 1 àti 0 jù. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹ̀ka sínú nọ́ńbà ń wá wàhálà ni: orúkọ ẹ̀ka á yí padà lọ́jọ́ kan.

Àtúnṣe kì í yí nọ́ńbà. Lẹ́tà àtúnṣe, èyí tó ń fi hàn pé wọ́n ti tún àwòrán ṣe, ló ń kúrò ní A bọ́ sí B, nínú àpótí tirẹ̀ lórí àwòrán náà. Bí wọ́n bá fagi lé àwòrán, ẹ má gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún òmíràn láé.