Àyẹ̀wò ọdún 2025: nọ́ńbà ilé gbogbo wa

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bí ẹ bá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní, Kejì àti Kẹta, mi ò lè kà á fún yín. Oṣù Kẹrin ló gbé ọdún yìí mì káló.

Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin, lẹ́tà kan láti MITRE, àjọ Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ti èrè, bọ́ síta: owó tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gbé CVE ró (àkójọ tó ń fún ihò inú sọ́fítíwià, àbùkù tí olè lè gbà wọlé, ní nọ́ńbà) yóò tán lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 16. Nígbà tó di ọjọ́ kejì náà, CISA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń sanwó ọ̀hún, fi oṣù 11 kún àdéhùn náà. Kò ju bí ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ó já àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà láyà, láti Yábàá títí dé Marina.

Ẹ̀yin àgbà ibí mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nọ́ńbà ilé ni CVE. Ẹni tó bá ti wá ilé tí kò ní nọ́ńbà rí ní Mushin mọ bó ṣe ń rí: "Bẹ́ ẹ bá ti rí ìyá alákàrà, ẹ yà sọ́wọ́ òsì, géètì dúdú lẹ máa rí." Ọjọ́ tí ìyá alákàrà ò bá jáde, àlejò sọnù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ihò inú sọ́fítíwià ṣe rí kó tó di 1999. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tó ń pè é. Ẹni méjì á máa sọ̀rọ̀ nípa ihò kan ṣoṣo, wọn ò ní mọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1999, David Mann àti Steven Christey, olùwádìí méjì ní MITRE, gbé àpilẹ̀kọ kan kalẹ̀ ní Yunifásítì Purdue pé kí ihò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, àkójọ náà ti jáde pẹ̀lú ihò 321. Orí ìwé ìwádìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni lè tà, owó ìjọba ló gbé e dé ibi tó dé.

Ká ní wọn ò fi kún un, irinṣẹ́ tó ń wá ihò fún wa ò ní pariwo. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Á ṣì máa fi àmì àwọ̀ ewé hàn pé kò sí wàhálà, torí pé àkójọ tó ń wò ti di ti àná.

Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀dà tiyín. Àkójọ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GitHub, ojúlé tí wọ́n ń kó kóòdù sí, cvelistV5 lorúkọ rẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan ló sì ní fáìlì JSON tirẹ̀. Ẹ fi --depth 1 sí git clone yín, àṣẹ tó ń da ẹ̀dà rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, torí bí ẹ bá ní kó kó gbogbo ìtàn rẹ̀ wá látilẹ̀, dátà yín á tán sí i. Kó máa fa tuntun lálaalẹ́, kí ẹ sì máa da ẹ̀dà kan sórí díìsìkì tí ẹ ó yọ kúrò lára ẹ̀rọ.

Ẹ̀dà nìkan ò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nílé yín, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ má gba ẹ̀rí ẹnu sáfà. Ẹ mú OpenSSH, ètò tí a fi ń wọ sáfà láti òkèèrè, lórí Ubuntu 22.04, ètò ìṣiṣẹ́ kan: bí ẹ bá bi í léèrè, 8.9p1 ló máa pe ara rẹ̀, irinṣẹ́ yín á sì figbe ta pé CVE-2024-6387 wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Ubuntu kì í gbé ẹ̀yà tuntun wọlé nítorí ihò kan. Wọ́n máa ń rán àtúnṣe mọ́ ti àtijọ́ ni. Ìrù nọ́ńbà náà lẹ máa wò: bó bá ti dé 3ubuntu0.10, wọ́n ti dí i. Àṣẹ dpkg -l openssh-server lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò olójú ewé ọgọ́rin tó jẹ́ pé irú ariwo báyìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ihò gidi sì sùn sáàárín. Nínú èyí tó kù, ẹ kọ́kọ́ dí àwọn tó wà nínú àkójọ KEV ti CISA, torí ihò táwọn olè ti ń gbà wọlé ní tòótọ́ ló wà níbẹ̀.

Oṣù Keje fi ẹ̀kọ́ mìíràn lé e. Ihò CVE-2025-53770 já SharePoint, ètò Microsoft tí wọ́n fi ń pín ìwé níbi iṣẹ́, èyí tí iléeṣẹ́ gbé sórí sáfà tara wọn. Ti orí ìkùukùu Microsoft ò fara gbá. Ọ̀pọ̀ ṣe àtúnṣe, wọ́n sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ASP.NET, èyí tí sáfà fi ń dá ohun tó jẹ́ tirẹ̀ mọ̀, ni àwọn olè náà ń jí kó. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kí o tó tún ilẹ̀kùn ṣe ṣì ń bọ̀ lálẹ́. Ẹ ṣe àtúnṣe, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tún IIS, ètò wẹ́ẹ̀bù Microsoft, tàn lórí gbogbo sáfà náà, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Ohun kan tó mú inú mi dùn: OpenSSL 3.5, kóòdù tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà, jáde lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin kan náà, pẹ̀lú ML-KEM nínú rẹ̀, ọ̀nà tuntun láti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣọwọ́, tí kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù ò ní lè tú bí a ṣe mọ̀ ọ́n dòní. Ẹ fi s_client -groups X25519MLKEM768 dán sáfà yín wò. Kọ́kọ́rọ́ gbangba ML-KEM-768 jẹ́ báìtì 1184, ti X25519, ọ̀nà tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀, jẹ́ 32 péré, nítorí náà ìkíni àkọ́kọ́ láàárín ẹ̀rọ méjì lè má gba inú pákẹ́ẹ̀tì kan mọ́. Bí ìsopọ̀ bá ṣàdédé já, fáyáwọ́ọ̀lù àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ibi tó dùn mí ni mò ń bọ̀ wá kàn. Láti 2012, DARPA, àjọ ìwádìí ológun Amẹ́ríkà, náwó sórí iṣẹ́ HACMS, wọ́n sì gbé seL4, ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ tó ń pààlà sáàárín àwọn apá kọ̀ǹpútà, sínú hẹlikópítà Boeing kan tí kò nílò awakọ̀. Wọ́n fún àwọn tó ń dán an wò láyè nínú apá kan kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọn ò sì lè jáde kúrò níbẹ̀ lọ bá apá tó ń darí ọkọ̀. Ìlà C 8,700 péré ni seL4 tí wọ́n fi ìṣirò jẹ́rìí sí ní 2009, ẹ̀rí náà sì jẹ́ iṣẹ́ tí ì bá gba ẹnì kan ní nǹkan bí ọdún 20. Iléeṣẹ́ wo ló máa dúró dè é? Owó ìjọba Ọsirélíà ló dúró dè é. Síbẹ̀ ní 2021, CSIRO, àjọ ìwádìí ìjọba Ọsirélíà, yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹgbẹ́ tó ṣe iṣẹ́ náà.

Nílé, òfin 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà dá àpò owó ààbò sílẹ̀ ní abala 44. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ní kí wọ́n máa yọ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí a bá fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ sínú àpò náà ní oṣù Karùn-ún 2024, aráàlú pariwo, wọ́n sì fà á sẹ́yìn láàárín oṣù náà. Mo wà lára àwọn tó pariwo. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ló yé mi pé ẹni tó máa san án nìkan la jà lé. A ò béèrè iye tó máa kan ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé méjì ní Àkọkà, owó oṣù tí kò ní já fún ọdún márùn-ún, iná tí kò ní kú lórí sáfà wọn: ohun tí mo ń tọrọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò wa tó kọ́kọ́ gbé cvelistV5 sórí ẹ̀rọ wa ti wà ní Kánádà láti oṣù Kẹwàá. Iṣẹ́ ìwádìí ló rí, mo sì bá a dúpẹ́. Àga rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́ lóru ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi díìsìkì ránṣẹ́ láti Ìkẹjà. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2026 ni oṣù 11 tí CISA fi kún àdéhùn náà pé. Mo ti fi báírò pupa yí i ká lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri.