Wọ́n bí i mọ́ ọn

"Ọmọ yìí ò kọ́ ọ o, wọ́n bí i mọ́ ọn ni."

Ìyá alákàrà kan ló sọ ọ́ fún ẹnìkejì ẹ̀ níbi tá a ti ń dánra eré Mọ́remí wò l'Arúbídì. Wọn ò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Inú mi dùn títí mo fi dé Ìrémọ. Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Gbogbo òru tí mo fi ń sọ ìtàn Mọ́remí sí ògiri létí títí ohùn fi há, ṣé wọ́n bí ìyẹn náà mọ́ mi?

Iná lọ, a fi tọ́ọ̀ṣì parí eré. Ọdún Ẹdì tí wọ́n fi ń rántí Mọ́remí ń bọ̀.

Àbí òótọ́ ni wọ́n sọ? Ẹnu Màmá, ìyá Dádì, ni mo ti gbọ́ ìtàn yẹn. Wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á máa sọ bí àwọn ará Ùgbò ṣe ń fi ìko bora wọ Ifẹ̀, tí aráàlú ń rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, bí Mọ́remí ṣe jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú kó lè rídìí wọn, bí iná ògùṣọ̀ ṣe ran ìko. Ọwọ́ wọn kì í dúró. Àfi tí wọ́n bá dé etí Ẹ̀sìnmìrìn, tí odò ò gba àgbò, tí ò gba màlúù, tó ní Olúorógbó, ọmọ Mọ́remí, lòun fẹ́. Ẹyọ ẹ̀gúsí kan á wà láàárín ìka wọn, wọn ò ní bó o, wọn ò ní jù ú sílẹ̀.

Ibẹ̀ lèmi náà máa ń dákẹ́. Olùdarí ní ó ti pẹ́ jù, pé èrò á ní mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ni. N ò yọ ọ́.

Mo kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí ẹní kan náà lèmi àti Bọ̀dá jọ jókòó sí, oorun á sì ti gbé e lọ kí Ùgbò tó dé. Dádì wá ńkọ́, tí wọ́n ń yọjú wo ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun nígbà tí Ola Rotimi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1968, tí wọ́n ṣì ń ṣàpèjúwe aṣọ àwọn òṣèré fún wa dòní? Wọn ò gun orí ìtàgé rí. Bóyá àyè ni ò sí. Bóyá…

Alẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi pé òfò ọmọkùnrin kan ti ṣe Màmá kí wọ́n tó bí Dádì. A kì í sọ ọ́ nílé. Màá béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ Dádì lọ́la, tí wọ́n bá fẹ́ dá mi lóhùn.