Sọ Ibi Tí A Wà Kí O Tó Wo Ẹ̀rọ

Lọ́dún kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ ìgbòkun ní Southampton, ọwọ́ mi le. Mo ní kí wọ́n kó fóònù wọn sápò, mo pa ẹ̀rọ atọ́nà tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn lórí máàpù, ó ku máàpù òkun, kọ́ńpáàsì àti pẹ́ńsùlù. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Àmọ́ ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí, tó wá dorí kọ ìwé nínú yàrá abẹ́ ọkọ̀ tí ìgbì ń jù síwá sẹ́yìn, èébì ni yóò kọ́kọ́ kọ́. Méjì nínú wọn ò padà wá.

Lọ́dún kejì, mo ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún wọn láti àárọ̀. Ìyẹn ló gbé wa gun iyanrìn.

Láàárín Southampton àti erékùṣù Wight, òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Bramble Bank. Nígbà tí omi bá fà gan-an, bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó máa ń yọ síta débi pé àwọn èèyàn ń lọ ṣeré kíríkẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, imú ọkọ̀ sì kọjú síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n omi ń tì wá láti ẹ̀gbẹ́. Ó ti sún àwòrán máàpù ojú ẹ̀rọ náà jìnnà kó lè rí gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ni àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó bá pòórá. Èmi tó yẹ kí n wò ó, mi ò wò ó. A jókòó síbẹ̀ títí omi fi padà kún.

Irú rẹ̀ ti ṣe àwọn ọ̀gá. Lóṣù kọkànlá ọdún 2014, ọkọ̀ Team Vestas Wind, tó wà nínú ìdíje yíká ayé, forí sọ àpáta Cargados Carajos nínú Òkun Íńdíà lóru. Bí wọ́n ṣe sún àwòrán jìnnà lójú ẹ̀rọ wọn, ewu ibẹ̀ ò hàn. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú.

Ní báyìí, ẹ̀rọ wa máa ń wà ní títàn, aṣọ ni mo fi ń bò ó. Ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, akẹ́kọ̀ọ́ á fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó rò pé a wà, á sọ ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, kó tó ká aṣọ. Ìṣírò rẹ̀ ò le. Bí ọkọ̀ bá ń sáré nọ́ọ̀tì 5, máìlì òkun 5 ló máa rìn ní wákàtí kan. Bí omi bá ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ ní nọ́ọ̀tì 2, á ti fi máìlì 2 yà kúrò lọ́nà. Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì máàpù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n lókè tàbí nísàlẹ̀ láé. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyẹn, àti fóònù tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì, tí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á máa fa abẹ́rẹ́ kiri.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọkàn sí bí omi ṣe jìn tó pẹ̀lú. Àwọn atukọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù ju okùn sómi lóru, ó jẹ́ ogún fátọ́ọ̀mù, ìwọ̀n tí àwọn atukọ̀ fi ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Wọ́n tún jù ú, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ti sún mọ́, wọ́n sì sọ ìdákọ̀ró mẹ́rin.

Bí kùrukùru bá bolẹ̀, mo máa ń ká aṣọ náà kúrò pátápátá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gba ọ̀nà wa kọjá tọ̀sán tòru, mi ò sì ní fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ṣe ìdánwò.

Màmá kan wà lára àwọn tí mo kọ́ kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmì wọn fi ju máìlì kan lọ jìnnà sí ti ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ká aṣọ, kò ju bí igba mítà lọ. Mo pàtẹ́wọ́, àmọ́ àwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Tíṣà, igba mítà yẹn ńkọ́?” A jókòó ti ìwé ìṣàn omi, tó ń sọ bí omi ṣe ń ṣàn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, a sì rí i: ti wákàtí tó ti kọjá ni wọ́n fi ṣírò, omi sì ti yí padà.