Ikọ̀ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Padà sí Moscow

Ìtàn ìgbésí ayé George Kennan ni mo fi ọjọ́ òní kà, mi ò sì tíì lè gbé e kúrò lọ́kàn. Wọ́n bí i ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1904, ó wọ iṣẹ́ aṣojú ìjọba ní 1926, ó sì kú ní 2005 lẹ́ni ọdún 101. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ìgbà tí wọ́n fi í joyè ikọ̀, aṣojú àgbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ni iṣẹ́ rẹ̀ so èso kéré jù. Abẹ́ ẹlòmíràn ló wà nígbà tó ṣe èyí tí ayé fi mọ orúkọ rẹ̀.

Kennan kò rí ipò gbà nítorí pé ó náwó fún ìpolongo ìbò ẹnikẹ́ni, bí àwọn ikọ̀ Amẹ́ríkà kan ti máa ń ṣe. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Geneva àti Hamburg, kí ìjọba tó ní kó lọ kọ́ èdè Rọ́ṣíà ní Berlin, ní àkókò tí Amẹ́ríkà kò tíì bá ìjọba Soviet tó ń darí Rọ́ṣíà nígbà náà da nǹkan kan pọ̀. Ibí yìí wù mí gan-an: kí ènìyàn jókòó máa kọ́ èdè ìlú tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò tíì ní aṣojú kankan síbẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá gba ara wọn mọ́ra ní 1933, Kennan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bá William Bullitt, ikọ̀ tuntun, dé Moscow.

Oṣù Kejì ọdún 1946 ni ìmọ̀ náà wúlò. Averell Harriman tó jẹ́ ikọ̀ ti padà sílé, Kennan ló sì ń di ipò mú. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ̀wé sí Washington pé kí wọ́n yé tan ara wọn jẹ nípa Stalin, olórí Soviet, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Ìgbà náà ni ìbéèrè kan dé láti ilé tó dà bí ọ̀rọ̀ owó lásán: kí ló dé tí àwọn ará Soviet kò fẹ́ darapọ̀ mọ́ Báńkì Àgbáyé àti àjọ IMF? Ibà àti ọ̀fìnkìn ti dá Kennan dùbúlẹ̀. Orí ibùsùn náà ló ti ń pe ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé rẹ̀, títí tí tẹligíráàmù ọjọ́ 22 oṣù náà fi lé ní 5,000 ọ̀rọ̀. Ọ̀nà márùn-ún ló pín in sí kó má baà gùn lójú jù. James Forrestal, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọmọ-ogun ojú omi, ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì pe Kennan wálé. Ohun tó ń wí ni pé kí wọ́n fi sùúrù dí ọ̀nà mọ́ agbára Soviet láìjagun. Títí tó fi darúgbó ló ń ráhùn pé ohun ìjà nìkan ni àwọn aláṣẹ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ òun.

Ọdún 1952 ló tó di ikọ̀ ní Moscow. Ní yàrá ìkàwé ilé tó ń gbé, ère igi kan wà lára ògiri, òǹtẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Soviet fi ta Harriman lọ́rẹ ní 1945. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní kí Kennan jókòó kó máa ka ìwé àtijọ́ kan jáde ketekete bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, bí àwọn fúnra wọn ti ń wá ohun tó ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi òòlù fọ́ ògiri, kò rí nǹkan kan. Ó yíjú sí òǹtẹ̀ náà, ó sì bá ẹ̀rọ kékeré kan nínú rẹ̀, tí kò ní wáyà, tí kò ní bátìrì. Kí wọ́n fi ẹ̀bùn ọmọdé máa jí ọ̀rọ̀ ènìyàn gbọ́ fún ọdún méje!

Bóyá irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ló sú u. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ní pápákọ̀ òfuurufú Berlin, oníròyìn kan bi í bóyá ó máa ń bá àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe pọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí àwọn ṣe wà ní Moscow kò yàtọ̀ sí bí ìjọba Jámánì ti há òun mọ́ fún nǹkan bí oṣù márùn-ún lásìkò ogun. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tirẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an ní èyí rárá. Òótọ́ lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé tó ń lọ sílé ni irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ni ìjọba Soviet kéde pé àwọn kò fẹ́ rí i mọ́, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣì wà ní Moscow. Oṣù tó fi jẹ́ ikọ̀ níbẹ̀ kò tó mẹ́fà.

Ààrẹ Kennedy tún fi í ṣe ikọ̀ sí Yugoslavia ní 1961. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Àwọn tó rán an níṣẹ́ ló dà á rú: ní 1962, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà gba àǹfààní òwò tí Yugoslavia ní lọ́wọ́ rẹ̀, bí Kennan ti ń bẹ̀ wọ́n tó pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 1963, ó sì padà sí Princeton láti máa kọ ìwé ìtàn.